Ẹ̀gẹ́ Nínú Ọpọ́n Adìẹ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Fún Àwọn Ará Ugbónlá àti Agbègbè Omi Ìlàjẹ

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ oko létíkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oko lókè kọ́ ni ilẹ̀ tó wà níhìn-ín. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni tiyín, òkun sì ń bù nínú rẹ̀ lọ. Ayétòrò tó jẹ́ aládùúgbò yín kò nílò àlejò tí yóò ṣàlàyé ohun tí omi ń fi ojú ilé rí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ oko ni mo gbé wá, nítorí pé apá tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ yín ni ìmọ̀ rẹ̀ wà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn: ǹjẹ́ ẹ̀gẹ́ lè bọ́ sípò àgbàdo nínú oúnjẹ adìẹ bírọ́ílà, kí adìẹ má rù, kí ọlọ́sìn má sì jẹ gbèsè? Àwọn kan ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n da ẹ̀gẹ́ sínú oúnjẹ, adìẹ wọn sì kú. Àwọn kan sọ pé kò ṣeé ṣe, wọ́n sì ń ra àgbàdo ní iyekíye tí wọ́n bá dá lé e. Ohun tí èmi rí ni pé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe àgbàdo. Iṣẹ́ ọwọ́ ni í sọ ọ́ di ẹlẹgbẹ́ àgbàdo. Iṣẹ́ náà pín sí mẹ́ta: ká yọ májèlé inú rẹ̀, ká gbẹ ẹ́ dénú, ká sì fi ohun tí kò ní kún un. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Níbi tí ọ̀kan bá yẹ̀, rárá ni. Gbogbo ohun tí mo máa sọ láti ibí lọ, orí ọ̀rọ̀ yìí ni yóò máa padà sí.

Èkíní: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Ìtumọ̀ ni ká fi ṣíwájú, torí ibẹ̀ ni àìgbọ́ra-ẹni-yé ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bírọ́ílà ni adìẹ àgíríìkì tí à ń sìn torí ẹran, kì í ṣe torí ẹyin. Ọmọ ọjọ́ kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 gíráàmù lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó ti di kílò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dàgbà kíákíá báyìí kò ní ọjọ́ tó lè fi ṣòfò. Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń rìn kiri àgbàlá a máa tún oúnjẹ ara rẹ̀ ṣe: bí ẹ bá da èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, á ṣa díẹ̀ níbẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ wá kòkòrò, ekòló àti ewé tí yóò fi lé e. Bírọ́ílà kò ní àǹfààní yẹn. Ilé la sé e mọ́, ohun tí a bá dà sínú ọpọ́n nìkan ló ń rí. Ẹni tó bá sọ pé adìẹ bàbá òun jẹ ẹ̀gẹ́ títí, kò sì kú, kò parọ́. Adìẹ mìíràn ló ń sọ ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìrọ́pò. Bí ọba bá wàjà, ẹlòmíràn á rọ́pò rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ti tán. Àmọ́ bí ẹni tó ń tukọ̀ bá rẹ̀, tí ẹnì kejì gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdajì ọ̀nà, ìrọ́pò ni ìyẹn náà, àwọn méjèèjì sì jọ wà nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ìrọ́pò ti alájẹ̀ ni mo ń sọ lónìí. Mi ò sọ pé kí àgbàdo kúrò nínú oúnjẹ bírọ́ílà pátápátá. Mo ní kí ẹ̀gẹ́ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dé ibi tí apá rẹ̀ bá ká.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí gbágùúdá, tàbí pákí, bí àdúgbò kálukú bá ti ń pè é. Ohun mẹ́ta ni orúkọ kan yìí bò mọ́lẹ̀: inú funfun tí à ń jẹ, èèpo tí à ń dànù, àti ewé. Inú funfun kún fún agbára, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní purotéènì. Ewé ní purotéènì tó tó nǹkan bí ìdá 20 sí 25 nínú 100 bí a bá ti sá a gbẹ, ṣùgbọ́n májèlé rẹ̀ pọ̀, ó sì le láti dà nínú adìẹ, torí náà díẹ̀ ni à ń bù ú. Èèpo wà láàárín méjèèjì, májèlé tirẹ̀ sì ju ti inú funfun lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fi ẹ̀gẹ́ bọ́ adìẹ, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkejì: ìdí tí a fi ń wá alájẹ̀ kejì

Nínú gbogbo owó tí ọlọ́sìn adìẹ ń ná, oúnjẹ ló ń kó ìdá 60 sí 70 nínú 100. Nínú oúnjẹ náà, àgbàdo ló sábà máa ń kó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí àgbàdo bá fò sókè, kò sí ọgbọ́n tí ọlọ́sìn lè dá sí àwọn ohun kéékèèké tó kù tí yóò gbà á. Àgbàdo ọ̀hún kò sì ní olúwa kan ṣoṣo: ẹlẹ́kọ ń fẹ́ ẹ, ilé iṣẹ́ ọtí àti ti ìpápánu ń fẹ́ ẹ, adìẹ náà ń fẹ́ ẹ. Ní oṣù keje ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dá owó ilẹ̀ òkèèrè dúró fún ẹni tó bá fẹ́ kó àgbàdo wọlé. Wọ́n ní torí kí àgbẹ̀ ilé lè rí jẹ ni. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ọlọ́sìn adìẹ ló kọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀. Fún ẹ̀yin tó wà létíkun, ẹrù náà tún wúwo sí i. Apá òkè ọya àti ilẹ̀ ọ̀dàn ni ọ̀pọ̀ àgbàdo ti ń bọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé Òkìtìpupa àti Igbọ́kọ̀dá, ọkọ̀ ojú omi tún gbé e débí. Àpò tí òjò bá pa lójú omi á bu, àgbàdo tó bá sì bu ní májèlé tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́.

Ẹ̀gẹ́ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ìrèlè àti Òkìtìpupa kún fún un, Nàìjíríà ló sì ń kórè rẹ̀ jù lọ ní gbogbo ayé. Kò sí ohun tuntun nínú ìbéèrè tí mo gbé wá yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, àwọn onímọ̀ kóra jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí ẹ̀gẹ́ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumide Tewe ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìwé tó kọ lórí ọ̀rọ̀ náà fún FAO, àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sì jáde ní ọdún 2004. Ní ọdún 2002, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò ńlá kalẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn sì wà lára ohun tí wọ́n fojú sùn. Bí ìmọ̀ bá ti wà tó báyìí, kí ló dé tí ọpọ́n adìẹ ṣì kún fún àgbàdo? Mo rò pé ìdí rẹ̀ ni pé a ti ń bi ẹ̀gẹ́ léèrè bíi pé àgbàdo ni, nígbà tí iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe sí i ni ó yẹ ká máa béèrè.

Ẹ̀kẹta: májèlé, omi, àti iná

Kò sí ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kíkorò tí kò mọ̀ pé ó lè pa ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n májèlé náà kì í dá wà nínú ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní linamarin, ó jókòó sí yàrá tirẹ̀. Èròjà kejì, linamarase, wà lára ògiri. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá dúró, wọn kò pàdé. Ìgbà tí a bá gé ẹ̀gẹ́, tí a rin ín, tàbí tí eyín ewúrẹ́ bá fọ́ ọ, ògiri á wó, àwọn méjèèjì á pàdé, sáyánáìdì á sì bọ́ síta. Sáyánáìdì yìí ń di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 26°C, ìyẹn kò sì tó ooru ọ̀sán gangan ní Ugbónlá. Èyí tí a bá ti tú sílẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Omi á gbé e, afẹ́fẹ́ á gbé e. Èyí tí a kò tú sílẹ̀ ni ewu.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé iná ló ń pa májèlé ẹ̀gẹ́. Bí iná bá tètè dé, linamarase ló máa pa, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Kò ní fọwọ́ kan linamarin tó wà nínú yàrá. A ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ẹrù ṣì wà nílé. Bí adìẹ bá wá gbé e mì, àwọn kòkòrò tí a kò lè fojú rí nínú ìfun rẹ̀ á bá a ṣílẹ̀kùn náà, ara adìẹ ni sáyánáìdì yóò sì bọ́ sí. Ìdí rèé tí ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a gé ní gbàǹgbà-gbàǹgbà, tí a sì sáré gbé sórí iná líle, fi lè burú ju èyí tí a fi sùúrù sá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì gbẹ lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo pupuru, oúnjẹ tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ tí ẹ kò kà sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ ó bẹ ẹ̀gẹ́; ẹ ó rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan; ẹ ó fọwọ́ wá okùn inú rẹ̀, ẹ ó fà á jáde; ẹ ó kó o sínú àpò, ẹ ó gbé ohun wúwo lé e kí omi ro; ẹ ó mọ ọ́n ní róbótó, ẹ ó tò ó sókè iná. Bí èéfín bá ti mú ara rẹ̀ dúdú, tí inú rẹ̀ sì gbẹ, ẹ ó ha dúdú náà kúrò, ẹ ó gún funfun inú rẹ̀, ẹ ó jọ̀ ọ́. Kò sí ìyá kan nínú yín tó ń gbé ẹ̀gẹ́ tútù sórí iná kí ó tó rẹ ẹ́. Omi ni ẹ kọ́kọ́ ń lò, iná wá tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá ń rọ̀ nínú omi ni ògiri tí mo sọ ń wó. Ìgbà tí ẹ bá ń fún un ni májèlé ń bá omi lọ. Ìgbà tí iná bá dé, ìyókù á fò lọ. Rírẹ àti fífún báyìí lè mú ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá májèlé náà kúrò. Ohun tí yàrá ìwádìí ń fi ẹ̀rọ ṣe, ètò iṣẹ́ yín ti ṣe é.

Pupuru tún dáhùn ìṣòro kejì, èyí tí àwọn ará òkè kì í rí: gbígbẹ. Ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ẹ̀gẹ́ bọ́ adìẹ sábà máa ń sọ pé ká gé e wẹ́wẹ́, ká sá a sóòrùn. Ó rọrùn ní Ọ̀yọ́ lóṣù kìíní. Ní etíkun yìí, níbi tí òjò ti ń rọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù, tí afẹ́fẹ́ sì tutù fún omi lójoojúmọ́, ẹ̀gẹ́ tí a sá sóòrùn á bu kí ó tó gbẹ. Ìdí tí àwọn ìyá yín fi gbé e sókè iná nìyẹn, lórí pẹpẹ kan náà tí ẹja ń gbẹ sí. Fún adìẹ, a kò nílò pupuru tó pé. Adìẹ kò béèrè pé kí oúnjẹ òun funfun, kò sì sí ìdí láti mọ ọ́n ní róbótó tó ń pẹ́ gbẹ. Èyí tí a bá ti rẹ tí a sì ti fún gbẹ, kí a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí a tẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè iná rọra, kí iná má jó o. Bí ó bá gbẹ tán, ẹ ṣẹ́ ọ̀kan: ó gbọ́dọ̀ dún, kó má tẹ̀. Ẹ fi í fa ojú pákó: ó gbọ́dọ̀ kọ ìlà funfun bí ẹfun. Èyí tó bá tẹ̀ tí kò dún, ẹ dá a padà sókè iná. Bí ẹ bá dì í sápò báyẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ewú á ti hù sí i.

Èèpo ńkọ́? Ní Ìbàdàn, láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn àti lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní ẹ̀rọ gàrí, tí a fún un, tí a jọ̀ ọ́, tí a sì yan án tàbí sá a, ohun tó ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ lè parí láàárín wákàtí díẹ̀. Tọ́ọ̀nù èèpo tútù mẹ́ta ń di bí tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan. Èyí tó kúnná ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tó le ni ti ewúrẹ́ àti màlúù. Ẹ wo ètò rẹ̀: rírin, fífún, kí iná tó dé. Pupuru náà ni, ẹ̀rọ ló wọ̀ ọ́ láṣọ. Àjọ Codex tó ń gbé ìlànà oúnjẹ kalẹ̀ fún ayé sọ pé ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn máa jẹ kò gbọdọ̀ ní ju 10 mílígíráàmù sáyánáìdì lọ nínú kílò kan. Ẹni tó bá fi ojú ìyẹn wo oúnjẹ òròmọdìẹ rẹ̀ kò ní ṣìṣe.

Ẹ̀kẹrin: ohun tí ẹ̀gẹ́ kò ní

Ká gbà pé májèlé ti lọ, ẹ̀gẹ́ sì ti gbẹ. Ṣé ó ti di àgbàdo? Kò tíì dì í. Ní ti agbára, wọn kò jìnnà síra: kílò àgbàdo kan ń fún adìẹ ní nǹkan bí 3,400 kìlókálórì, ti ẹ̀gẹ́ gbígbẹ wà láàárín 3,000 sí 3,200. Ní ti purotéènì ni àlàfo wà: àgbàdo ní nǹkan bí 9 nínú 100, ẹ̀gẹ́ kò ju 2 sí 3 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú 100 kílò oúnjẹ tó ní 50 kílò àgbàdo, bí a bá yọ 25 kílò àgbàdo tí a fi 25 kílò ẹ̀gẹ́ dí i, ohun tó tó kílò kan àti ààbọ̀ purotéènì ló ti bọ́ nínú oúnjẹ náà, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Bírọ́ílà kékeré ń fẹ́ purotéènì tó tó 22 sí 23 nínú 100. Èyí tó ti ń lọ sọ́jà ń fẹ́ 19 sí 20. Ẹni tó bá da ẹ̀gẹ́ sí i láìdí àlàfo yẹn ti gé oúnjẹ adìẹ rẹ̀ kù, á wá máa dá májèlé lẹ́bi fún ohun tí ebi ṣe.

Àlàfo náà sì ní inú nínú. Purotéènì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n jù fún adìẹ ni wọ́n ń pè ní methionine. Imí-ọjọ́ wà nínú methionine, imí-ọjọ́ yìí gan-an sì ni ara adìẹ fi ń sọ ìyókù sáyánáìdì di ohun tí kò lè pa á mọ́, kó tó tọ̀ ọ́ dànù. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ jẹ methionine lẹ́ẹ̀mejì: kò mú un wá, ó sì tún ń ná èyí tó bá nílé. Ní ọdún 1967, Enriquez àti Ross kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Poultry Science pé òròmọdìẹ tí ẹ̀gẹ́ kó ìdajì oúnjẹ rẹ̀ dàgbà dáadáa bí wọ́n bá fi methionine kún un. Mo máa ń rò pé èyí nìkan tó láti sọ ìdí tí ẹni méjì fi lè fi ẹ̀gẹ́ kan náà bọ́ adìẹ, kí ti ọ̀kan sanra, kí ti èkejì rù.

Àlàfo yìí ni etíkun yín wá dí. Ibi tí ẹ̀gẹ́ ṣófo sí ni omi Ìlàjẹ kún sí. Ẹja lílọ̀ tó dára ní purotéènì tó ju 60 nínú 100 lọ, methionine rẹ̀ sì pọ̀. Orí edé àti ìpẹ́ edé tí ẹ ń gbá dànù lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣa èyí tó máa lọ sọ́jà, oúnjẹ ni. Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà níbí ti dán an wò fún bírọ́ílà ní ipò ẹja lílọ̀. Ọlọ́sìn òkè ń fi owó ńlá ra ẹja lílọ̀. Níhìn-ín, eṣinṣin ló ń jẹ orí edé.

Mi ò ní fi adùn ọ̀rọ̀ bo ewu rẹ̀ mọ́lẹ̀ o. Bí wọ́n bá wọn purotéènì orí edé ní yàrá ìwádìí, apá kan nínú iye tó máa jáde jẹ́ ti ìpẹ́, adìẹ kò sì lè da ìpẹ́ náà dáadáa. Ẹ má ṣe kà á bí ẹja. Iyanrìn lè pọ̀ nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni a gbá a sí. Iyọ̀ ni ó tún léwu jù: oúnjẹ bírọ́ílà kò nílò ju bíi 250 sí 300 gíráàmù iyọ̀ lọ nínú 100 kílò, ẹja oníyọ̀ nìkan sì lè mú un kọjá bẹ́ẹ̀. Adìẹ tó bá jẹ iyọ̀ jù á máa mu omi ṣáá, ẹ̀rún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ fún un á rin gbindin, ìgbẹ́ á máa ṣàn, ikú á tẹ̀ lé e. Ẹja tí a kò fi iyọ̀ sí ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dín iyọ̀ tí ẹ ń dà sí oúnjẹ kù. Bákan náà, kí ẹja tó lọ́ràá kúrò nínú oúnjẹ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kí adìẹ tó lọ sọ́jà, kí oníbàárà má bàa máa gbóòórùn ẹja nínú ọbẹ̀ adìẹ.

Ohun kan ṣì kù: ẹ̀gẹ́ tí a bá lọ̀ a máa di lẹ́búlẹ́bú. Eruku rẹ̀ ń wọ imú adìẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, adìẹ á máa sá fún ọpọ́n. Epo pupa díẹ̀, bíi kílò méjì sí mẹ́ta nínú 100, ń mú eruku náà jókòó, ó sì ń dá agbára tí ẹ̀gẹ́ fi dín sí àgbàdo padà. Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní wóro-wóro.

Mélòó ni ká wá bù? Fún òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, mi ò ní kọjá 10 kílò nínú 100. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 20 sí 25 kílò jẹ́ ibi tí ẹni tó lọ́gbọ́n lè dúró sí. Ìwádìí ti gun orí òkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀rọ àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi gun ún kò sí lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀karùn-ún: owó

A kò lè fi ìmọ̀ nìkan ta adìẹ. Ìṣirò tó rọrùn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ: 850 gíráàmù ẹ̀gẹ́ gbígbẹ pẹ̀lú 150 gíráàmù sóyà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá kílò àgbàdo kan dọ́gba ní purotéènì. Ká fi ṣàpèjúwe pé kílò àgbàdo jẹ́ ₦10, kílò sóyà sì jẹ́ ₦20. Sóyà á gba ₦3 nínú ₦10 náà; ₦7 ló kù fún 850 gíráàmù ẹ̀gẹ́, ìyẹn ₦8 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ fún kílò kan. Ẹ yọ owó methionine àti epo pupa, á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Nítorí náà, bí kílò ẹ̀gẹ́ gbígbẹ bá ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye kílò àgbàdo lọ, ẹ fi àgbàdo bọ́ adìẹ yín, kí ẹ sì sùn. Ẹ má gbàgbé pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́ tútù: nǹkan bíi kílò mẹ́ta, ó sì lè lé, ni yóò gbẹ di kílò kan, igi ìdáná àti òógùn kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ìtàn Tháílándì jẹ́rìí sí i. Láti bí ọdún 1970 síwájú, ilẹ̀ yẹn kó ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tó pọ̀ jọjọ lọ sí Yúróòpù, ní pàtàkì sí Nẹ́dálándì, fún ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn mìíràn. Kì í ṣe pé ẹlẹ́dẹ̀ Yúróòpù fẹ́ràn ẹ̀gẹ́. Òfin wọn ló gbé owó ọkà lọ sókè, owó ibodè ẹ̀gẹ́ sì kéré. Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú sóyà wá dín owó ju ọkà lọ. Ní ọdún 1982, Yúróòpù bá Tháílándì ṣe àdéhùn láti dín ẹrù náà kù. Lẹ́yìn tí wọ́n tún òfin àgbẹ̀ wọn ṣe ní 1992, owó ọkà wálẹ̀, ọjà ẹ̀gẹ́ náà sì rọ. Láti ìgbà tó wọ̀ dé ìgbà tó jáde, ikùn ẹran kò yí padà. Owó ló yí padà. Bí mo bá ní iṣẹ́ ọwọ́ ló ń sọ ẹ̀gẹ́ di ẹlẹgbẹ́ àgbàdo, òṣùwọ̀n ọjà wà lára iṣẹ́ ọwọ́ náà.

Ẹ̀kẹfà: àwọn tí yóò takò mí

Àtakò tó lágbára jù ni ti ebi. Ẹnì kan á ní: gàrí wọ́n, pupuru wọ́n, ìwọ wá ń wàásù pé kí adìẹ bá ọmọ ènìyàn jẹ ẹ̀gẹ́? Mo gbà fún un ju ìdajì lọ. Ní oṣù tí pupuru bá wọ́n, inú funfun ẹ̀gẹ́ kò ní ohun tó ń wá nínú ọpọ́n adìẹ, ìṣirò owó tí mo ṣe lókè gan-an ni yóò lé e jáde kí ẹnikẹ́ni tó ṣòfin. Èèpo, okùn inú ẹ̀gẹ́ tí ẹ fà jáde, èyí tí àwọn oníbàárà kọ̀ torí pé ó kéré, àti ẹ̀gẹ́ tó pọ̀ ju ọjà lọ nígbà ìkórè: ìwọ̀nyí ni mo ń tọ́ka sí. Okùn náà kò dà dáadáa nínú bírọ́ílà, torí náà kí ó jẹ́ ìwọ̀nba. Àgbàdo pàápàá tí à bá fi ṣe ẹ̀kọ, ẹ jọ̀wọ́, ṣé adìẹ kò ti ń bá wa jẹ ẹ́ ni?

Àtakò kejì jẹ́ ti ibí yìí nìkan, mo sì bẹ̀rù rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iná ń fẹ́ igi, igi tó súnmọ́ yín jù ni ẹ̀gbà tó fi gbòǹgbò dúró nínú omi iyọ̀, ẹ̀gbà sì wà lára ohun tó ń gba ìgbì òkun dúró kó má wọlé. Bí iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ bá máa gé ẹ̀gbà sí i, mo kó ọ̀rọ̀ mi padà. Àmọ́ púpọ̀ nínú igi tí à ń jó, omi la fi ń lé. Ẹ̀gẹ́ tí a bá fún títí kò fi ro mọ́ kò ní jẹ ìdajì igi tí èyí tó ń kán tótó máa jẹ. Ooru tó ṣẹ́ kù lórí pẹpẹ lẹ́yìn tí ẹja bá ti kúrò tó láti parí gbígbẹ ẹ̀gẹ́ tí a tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èèpo ekùrọ́ tó ń ti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wá sì jó dáadáa ju ẹ̀gbà tútù lọ.

Àtakò ẹni tó sọ pé awọ adìẹ kò ní pọ́n kò gùn. Òótọ́ ni pé àgbàdo pupa ló ń mú un pọ́n, ẹ̀gẹ́ funfun kò ní ohun náà. Oníbàárà wa kì í ṣí ìyẹ́ wo awọ. Ó máa ń gbé adìẹ sókè, á fọwọ́ tẹ igẹ̀ rẹ̀, á dá iye lé e. Fún ẹni tó bá ṣì ń ṣàníyàn, ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2011 wà, ewé ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ náà sì ń fún awọ ní àwọ̀ bí a bá bù ú níwọ̀nba.

Ẹni tó kẹ́yìn ni ẹni tí kò gba ohunkóhun nínú gbogbo èyí gbọ́, òun ni mo sì bọ̀wọ̀ fún jù. Kó má gba ẹnu mi gbọ́. Kó mú 40 bírọ́ílà tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó pín wọn sí ogún-ogún, kó fi ṣíìtì pákó dá wọn sọ́tọ̀. Kó fún apá kan ní oúnjẹ tó ń lò tẹ́lẹ̀, kó fún apá kejì ní èyí tí ẹ̀gẹ́ tí a ti rẹ, tí a ti fún, tí a ti gbẹ dí 20 kílò àgbàdo nínú 100 kílò rẹ̀, pẹ̀lú ẹja àti epo. Kó máa wọn oúnjẹ kó tó dà á, kó máa wọn adìẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, kó kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ti ẹ̀gẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àgbàdo dọ́gba, tí owó rẹ̀ sì dín, ó ti rí ìdáhùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń rù, methionine ni kó kọ́kọ́ fura sí. Bí wọ́n bá ń mu omi jù, kó lọ tọ́ ẹja rẹ̀ wò bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń sá fún ọpọ́n, kó gbóòórùn àpò ẹ̀gẹ́ náà dáadáa, kó tó wá mi wá.